Ẹ̀rín àti Ẹrù: Èrò Wa lórí Àwọn Ohun Èlò Ọ̀la

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìrẹ̀lẹ̀ ni babaláwo fi ń bi ọ̀la léèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọmọ ènìyàn ń gbà bi ọ̀la léèrè, tí kò la ọpọ́n tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ: ẹ̀rín ni. A ó jókòó, a ó ro ohun èlò kan tí kò tíì sí láyé, a ó sọ ohun tí yóò máa ṣe nínú ilé, lójú ọ̀nà àti lọ́jà, a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbálẹ̀ tí yóò máa gbálẹ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa ráhùn bó ti ń gbá a. Ìkòkò tí yóò figbe ta bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Agbòjò tí yóò ṣí ara rẹ̀ kí ojú ọ̀run tó ṣú.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni èyí: ṣé eré lásán ni irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, tàbí ó ní ohun tó ń sọ nípa ìwà wa? Àwọn kan nínú wa gbà pé ìfàkókòṣòfò ni. Wọ́n ní nínú ìlú bíi Cotonou, níbi tí omi òjò ń bá onílé wọlé, tí ìyá ọlọ́jà ń jí ní ìdájí kí ó lè dé Dantokpa kí oòrùn tó là, kí ló kàn wá pẹ̀lú ohun tí kò sí? Èrò tiwa yàtọ̀. A gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwùjọ kan kà sí ẹrù, àti orí ẹni tí wọ́n ń dì í lé, kí ó tẹ́tí sí irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti pa àlọ́ Ìjàpá fún, pé nígbà tí ìyàn mú nílùú àwọn ẹranko, Ìjàpá rí ìgbákọ kan tó jẹ́ pé bí a bá ti bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, oúnjẹ ni yóò máa bù jáde. Ohun èlò ọ̀la gan-an ni ìgbákọ yẹn. Kò sí igi ìdáná, kò sí odó, kò sí ẹni tó ń làágùn nídìí ààrò. Ṣùgbọ́n àlọ́ náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí agbára ìgbákọ tán, pàṣán ni Ìjàpá tún mú wálé, àwọn tó ti jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni pàṣán náà sì nà. Ẹ̀rín la máa ń rín bí a bá ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀: ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ fún wa láìgba kọ́bọ̀, ó yẹ ká béèrè ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá, ká tó yó.

Àpẹẹrẹ kejì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a mọ̀ dáadáa ní Kétu, ní Pobè, ní Sakété àti ní Covè. UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye inú àṣà àwọn ènìyàn àgbáyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní ọdún 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. A mọ̀ pé òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde láti fi orin bá oníwàkíwà wí, àti pé ojúmọmọ ni ijó. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni ohun tí agbẹ́gilére máa ń gbé sórí àwọn ère náà. Yàtọ̀ sí ẹyẹ, ejò àti ọlọ́jà, wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n gbẹ́ alùpùpù, wọ́n sì gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tuntun tó bá wọ ìlú kò lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwùjọ yóò kọ́kọ́ wò ó, wọn yóò rẹ́rìn-ín sí i, wọn yóò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n kan nínú iṣẹ́ yìí. Orí ènìyàn ni ọkọ̀ òfuurufú inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń fò. Ẹni tó ń jó ló rù ú, òógùn rẹ̀ ń ṣàn lábẹ́ aṣọ, gbogbo agbo sì mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí kò ní ẹni tó rù ú. Ohun tí àwọn baba wa ń fi ijó sọ nìyí, òun náà ni a ó sì máa wá kiri nínú àwọn ohun èlò tí a ó mẹ́nu bà láti ìsinsìnyí lọ: ta ni ó rù ú?

Àwọn ará òkèèrè pẹ̀lú ti fi ẹ̀rín bi ọ̀la léèrè. Ní Faransé, láti ọdún 1899, oníyàwòrán kan tó ń jẹ́ Jean-Marc Côté bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán kéékèèké nípa bí ayé yóò ṣe rí ní ọdún 2000, nítorí ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọdún 1900. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a yà nínú wọn. Ní ọdún 1986, òǹkọ̀wé Isaac Asimov mú wọn padà wá sí ojútáyé nínú ìwé kan. Nínú àwòrán wọ̀nyí, àwọn panápaná ní ìyẹ́, wọ́n ń fò lọ sí ojú fèrèsé ilé tó ń jóná. Ẹ̀rọ oníná ń fọ ilẹ̀ yàrá fúnra rẹ̀. Ẹja àbùùbùtán di ọkọ̀ tó ń kó èrò lábẹ́ òkun.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó ṣe àfihàn rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, wọ́n fi ohun kan dé orí àti etí wọn, wáyà sì so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan tó dà bí èyí tí a fi ń lọ ata. Olùkọ́ ń ju ìwé sínú ẹ̀rọ náà, ìmọ̀ sì ń gba inú wáyà wọ inú orí àwọn ọmọ. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni kò ní fẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò báàkì? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí ọmọkùnrin kan tó dúró, tó ń fi ọwọ́ yí i. Kò sí wáyà lórí tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń di ọ̀mọ̀wé, òun ń di alágbàṣe. Oníyàwòrán náà lè ronú ẹ̀rọ tí yóò lọ ìwé di ìmọ̀, síbẹ̀ kò lè ronú ayé kan tí kò ti sí ọmọ kékeré nídìí ẹ̀rọ.

Ẹlòmíràn tí orúkọ rẹ̀ yẹ ká dá ni Jacques Carelman, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ẹni tó gbé ìwé Catalogue d'objets introuvables jáde ní ọdún 1969. Ohun èlò tí a kò lè rí rà ni ó kún inú ìwé yẹn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni ìkòkò kọfí tí ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tó fi jẹ́ pé ara ẹni tó ń bu kọfí ni kọfí gbígbóná yóò máa dà sí. Ní Jàpáánù, Kenji Kawakami sọ irú eré yìí di iṣẹ́ ọnà tó pè ní chindogu, ó sì ṣe òfin fún un. Ohun èlò náà gbọ́dọ̀ wà ní tòótọ́, kí ènìyàn lè lò ó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun títà. Nínú àwọn ohun tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà yìí ni aṣọ ọmọ ọwọ́ kan, tí wọ́n rán àkísà ìnulẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ náà lè máa nu ilẹ̀ ilé bó ti ń rá kòrò kiri.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi aṣọ ọmọ yìí. Kí ló dé tó fi pa wá lẹ́rìn-ín? Henri Bergson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1900 kan náà tí ìpàtẹ Paris wáyé, ó pè é ní Le Rire. Ohun tó sọ níbẹ̀, ní kúkúrú, ni pé a máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀dá alààyè bá ń ṣe bí ẹ̀rọ tàbí tó bá dà bí ohun èlò lójú wa. Ó tún fi kún un pé ẹ̀rín ń fẹ́ kí ọkàn ẹni dákẹ́ díẹ̀, kí àánú má jí. Ọmọ tó di àkísà bá àlàyé yìí mu rẹ́gí. A lè rẹ́rìn-ín sí i nítorí a mọ̀ pé òbí ọmọ náà kò ní fi í nu ilẹ̀ ní tòótọ́. Ọmọ náà yóò ṣeré, wọn yóò gbé e, wọn yóò sì fún un lóúnjẹ. Bí a bá wá dé ilé kan tí ọmọ ti ń nu ilẹ̀ ní tòótọ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ṣé ẹ̀rín náà yóò ṣì dùn lẹ́nu wa?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀kọ́ fílósófì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì terminale mọ orúkọ Aristote, ará Gíríìkì àtijọ́. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú, ó ronú nípa ohun èlò tí yóò máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀: ọ̀kọ̀ ìhunṣọ tí yóò máa hun aṣọ láìsí ọwọ́ ènìyàn, ohun tí a fi ń ta okùn dùùrù tí yóò máa ta á fúnra rẹ̀. Ó ní bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn ọ̀gá kò ní nílò ẹrú mọ́. Nígbà tí ó kọ ọ́, ó dà bí ẹ̀fẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé irú ọ̀kọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè sí. Nítorí pé kò sì sí, ó gbà pé ẹrú gbọ́dọ̀ máa wà, ó sì pe ẹrú ní ohun èlò tó ní ẹ̀mí. Ẹ wo bí ìrònú nípa ẹ̀rọ ṣe lè ṣí ojú ènìyàn, kí ó sì tún dí i. Aristote rí i kedere pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ẹrú ń ṣe. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó tọ́ kí ènìyàn wà ní ipò ẹ̀rọ títí ẹ̀rọ yóò fi dé.

A fi gbogbo èyí ṣe ẹ̀kọ́ ní kíláàsì, a sì ní kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ ronú ohun èlò kan tí yóò wà ní Cotonou ní àádọ́ta ọdún sí i, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ débi tí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé orí àwọn ọmọ wa kún tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan mú aṣọ ẹbí wá tó ń pa àwọ̀ dà fúnra rẹ̀, kí ènìyàn lè fi ẹyọ kan ṣoṣo lọ sí gbogbo ìsìnkú àti ìgbéyàwó ọdún kan láìná owó mìíràn. Òmíràn mú àṣíborí zémidjan wá tó ń bá oníbàárà dúnàádúrà, tí yóò sì máa sunkún bí owó bá kéré jù. Ẹnì kan ronú ẹ̀fọn oníwáyà tí yóò máa bá àwọn ẹ̀fọn tòótọ́ ṣèpàdé lálẹ́, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí ẹni tí wọn yóò jẹ. Ọmọkùnrin kan ronú ẹ̀rọ adọ̀bálẹ̀. Róbọ́ọ̀tì kékeré kan ni, tí yóò máa ṣáájú ènìyàn wọ ilé àna, tí yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí yóò kí bàbá, kí ìyá, kí ẹ̀gbọ́n, kí ó sì béèrè àlàáfíà gbogbo ẹbí títí kan adìyẹ, nígbà tí olówó rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan ronú garawa tó ní ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, garawa náà yóò jí, yóò rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, yóò tò sórí ìlà, yóò bá àwọn garawa yòókù jà bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, yóò sì gbé omi padà wálé láìda ẹ̀kán kan sílẹ̀. Kíláàsì mì tìtì fún ẹ̀rín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó béèrè pé: «Bí ó bá rẹ garawa náà, ṣé wọn yóò jẹ́ kí ó jókòó?» Àwọn kan tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ó tó àwọn ọmọ mélòó kan nínú kíláàsì náà tó jẹ́ pé àwọn ni garawa ilé tí wọ́n ń gbé.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí a ń sọ. Ní èdè Fọ̀n, vidomègon ni wọ́n ń pè é, ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwa Yorùbá ń pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀. Àṣà rere ni nígbà kan. Òbí abúlé yóò fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan nílùú ńlá kí ó lè kàwé tàbí kí ó kọ́ṣẹ́, ọmọ náà yóò máa ṣe iṣẹ́ ilé gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ilé ti ń ṣe. Ìbáṣepọ̀ ẹbí ni. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ilé kì í mú ìgbálẹ̀ mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìgbálẹ̀, òun ni garawa, òun ni ẹ̀rọ ìfọṣọ, òun náà sì ni aago tó ń jí àwọn ọmọ ilé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí òun kì í lọ. Orílẹ̀-èdè wa ṣe Òfin Ọmọdé ní ọdún 2015, òfin náà sì dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ìlòkulò. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá ìdáná bí kò bá sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ wà. Ẹ̀rín méjì ló wà nínú àwọn ohun èlò ọ̀la, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. A rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ adọ̀bálẹ̀ nítorí pé ó jí ohun kan gbé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kíkí kì í ṣe ẹrù. Kì í ṣe ohun tí a lè gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó sì ṣì jẹ́ tiwa. Ẹni tí ẹ̀rọ bá a kí àna rẹ̀ kò tíì kí i. Bákan náà ni bíbánikẹ́dùn, títọrọ àforíjì, títọ́ ọmọ sọ́nà, àti kíkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rín tí a rín sí ẹ̀rọ adọ̀bálẹ̀ dára, ó ń ṣọ́ ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá.

Garawa ẹlẹ́sẹ̀ yàtọ̀. Omi pípọn jẹ́ ẹrù, ẹrù sì ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Bí garawa ẹlẹ́sẹ̀ bá dé lọ́la, kò ní jí iyì ẹnikẹ́ni gbé; ọ̀pọ̀ ọrùn ni yóò sinmi. Kí ló wá pa wá lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀? Ó pa wá lẹ́rìn-ín nítorí pé a rí garawa tó ń ṣe bí ènìyàn, a kò sì rí ènìyàn tó ti ń ṣe bí garawa láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ń pọn omi kò rí ohun ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹrù gbé wúwo, ẹlẹ́rù ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín tí àwọn tí kò rù nǹkan kan lè rín, tí ẹni tó rù ú kò lè bá wọn rín, ó yẹ kí a dá a dúró lẹ́nu, kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹnì kan lè sọ pé kí a má ba eré àwọn ọmọ jẹ́, pé nígbà tí ẹ̀rọ bá dé, yóò tú gbogbo wọn sílẹ̀ láìsí ìwàásù. A kò kọ̀ pé ẹ̀rọ ń tú ènìyàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí lójú wa. Nígbà kan, orí ọlọ ni àwọn ìyá wa ti ń lọ ata, ojú odó ni wọ́n ti ń gún àgbàdo. Ẹ̀rọ ìlọkà dé, ọlọ sì sinmi ní ọ̀pọ̀ ilé. Iṣẹ́ tí ń gba wákàtí di ti ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ wá lọ síwájú ilé ẹ̀rọ ìlọkà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn tó tò síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ àgbàdo lórí. Ọmọdébìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹrù kúrò ní apá ìyá, ó bọ́ sí ọrùn ọmọ. Ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Àwa ni a kò béèrè ibi tí ìyókù iṣẹ́ náà gbà lọ. Ẹ̀rọ kì í pín iṣẹ́ ilé. Àwa tí a wà nínú ilé la ń pín in, bí a bá sì pín in ní ìpín ìrẹ́jẹ kí ẹ̀rọ tó dé, ìrẹ́jẹ náà yóò gbé ẹ̀rọ wọ̀ bí aṣọ tuntun.

Ìdí mìíràn tún wà tí a fi fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ronú ohun èlò ọ̀la, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ fún ará òkèèrè. Olóògbé Paulin Hountondji, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2024, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣàlàyé pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Áfíríkà kọjú síta jù, pé ìbéèrè àwọn ẹlòmíràn la máa ń dáhùn ká tó dáhùn tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ohun èlò rí. Ẹni tó bá ronú ẹ̀rọ, ẹrù ti ara rẹ̀ ló ń rò láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò pọn omi rí kò ní ronú garawa.

Àwọn tó gbìyànjú láti ronú láti ibi tí wọ́n wà kò sì jìnnà sí wa. Ní Lomé, nínú ilé ìṣẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní WoeLab, Kossi Afate Gnikou fi àwọn àfọ́kù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti sọ nù ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń tẹ ohun gidi jáde, tí a lè fọwọ́ gbá mú. Ọdún 2013 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ní Cotonou níbí, àwọn ọ̀dọ́ BloLab kọ́ àwọn ènìyàn láti to kọ̀ǹpútà sínú bídọ̀n oníke. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé bídọ̀n ń kàwé, tó ń ṣírò, yóò rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ yìí ti ẹnu di ti ọwọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Bídọ̀n kan náà yìí ni Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Porto-Novo ní ọdún 1962, fi ń ṣe ojú ènìyàn. Ẹnu bídọ̀n di ẹnu ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ di imú. Ẹni tó bá rí ọ̀kan yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní La Bouche du Roi, èyí tí British Museum ṣàfihàn rẹ̀ ní London ní ọdún 2007, ó to irú ojú bẹ́ẹ̀ 304 sílẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú kọjá òkun. Ó sì fi fíìmù hàn níbẹ̀, nípa àwọn tí ń fi alùpùpù gbé bídọ̀n epo kpayo lónìí, tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu ní gbogbo ìgbà. Ó lo ẹ̀rín láti mú wa súnmọ́ tòsí, nígbà tí a sì súnmọ́ tòsí, a rí ẹni tó rù ú. Ọgbọ́n agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́ nìyẹn bí?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kò sọ pé kí ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí ohun èlò ọ̀la. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì ronú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí àwùjọ tí kò lè fi ohun tuntun ṣe ẹ̀fẹ̀ kí ó tó rà á, ẹ̀yìn tó bá ti san owó tán ni yóò mọ ohun tó rà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé nígbàkígbà tí ẹ bá ronú ẹ̀rọ kan, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìkínní: iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe yìí, ṣé ẹrù ni, tàbí ìwà tí ẹlòmíràn kò lè bá ni hù? Ìkejì: ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí, ṣé a sì mọ orúkọ rẹ̀? Ìkẹta: nígbà tí ẹ̀rọ bá dé, ibo ni ẹni náà yóò lọ, ṣé ilé ẹ̀kọ́ ni, tàbí ìdí ẹrù mìíràn?

Ìbéèrè kejì kò ní láti dúró de ọ̀la. Kò sí ilé tí kò lè béèrè rẹ̀ ní alẹ́ òní, kí ó wo ẹni tó gbé omi wá, kí ó sì tún iṣẹ́ pín. Àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá gé igi nígbó, kí a fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. A ti fi ẹnu gé igi púpọ̀ nínú àròkọ yìí. Ó kù kí olúkúlùkù wa wo ilé ara rẹ̀, kí ó mọ ẹni tí igi ń wó lù.